Ta Ló Sọ Ọ́, Ta Ló Sì Ń Bá Wí? Ọ̀rọ̀ Àwọn Ẹni Mímọ́ Lójú Òpó Ìjọ Wa

Fadá wa, ẹ̀yin Sísítà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bójú tó Facebook àti WhatsApp ìjọ, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìyànjú tí à ń gbé síta láràárọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ ẹni mímọ́ kan láàárín, àwòrán àbẹ́là tàbí òdòdó lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ìjọ wa nísàlẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan ṣoṣo tí ojú wọn máa rí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ orúkọ ìjọ sí nísàlẹ̀, ìjọ ló sọ ọ́. Nítorí náà kí a tó gbé e síta, ó yẹ ká mọ ẹni tó ni ín, ká mọ ibi tó ti sọ ọ́, ká sì mọ ẹni tó ń bá wí lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọmọdé tí a kọ́ nílé kì í déédéé pa òwe níwájú àgbà. Á kọ́kọ́ ní "Tótó, ó ṣe bí òwe o", àwọn àgbà á sì dá a lóhùn pé á rí òmíràn pa. Onírárà tó bá sì fi oríkì Olówu ki Aláké, wọn ò ní jẹ́ kó parí rẹ̀ kí wọ́n tó dá a dúró. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ní olóhun. Àmọ́ bó bá ti di orí fóònù, a máa ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká mú Francis Mímọ́ ti Assisi. Bí oṣù Kẹwàá bá ti dé, tí ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń kún ojú òpó gbogbo ìjọ: "Ẹ máa wàásù Ìhìn Rere nígbà gbogbo; bó bá di dandan, ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹnu." Àwọn ọ̀mọ̀wé tó yẹ ìwé rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò rí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní 1226 náà kò kọ ọ́. Ohun tó wà lóòótọ́ wà nínú Òfin tó kọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ ní 1221, ní orí kẹtàdínlógún, níbi tó ti ń bá àwọn oníwàásù sọ̀rọ̀: kí gbogbo àwọn arákùnrin máa fi ìṣe wọn wàásù. Ẹ wò ó, ó jọ ara wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí à ń pín kiri mú kó dà bí ẹni pé Francis kò ka ìwàásù ẹnu sí. Francis tó jẹ́ pé ọjà àti gbàgede ìlú ló ti ń wàásù, tó wàásù títí dé iwájú Súlítánì ní Íjíbítì! Ọ̀rọ̀ tòótọ́ náà wà nílẹ̀, ó kúrú, ó sì lágbára. Kí ló dé tí a ó fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀?

Àdúrà Àlàáfíà náà ńkọ́, èyí tí a máa ń kọ lórin pé kí Olúwa sọ wá di ohun èlò àlàáfíà rẹ̀? Inú ìwé ìròyìn kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Paris, *La Clochette*, la ti kọ́kọ́ rí i, ní 1912, kò sì sí orúkọ òǹkọ̀wé lórí rẹ̀. Ó ti ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ tí Francis ti kú nígbà náà. Àdúrà tó dára ni. Ẹ máa gbà á, ẹ máa kọ ọ́ lórin, ẹ máa gbé e síta. Ẹ ṣáà má kọ "Francis Mímọ́ ló sọ ọ́" sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin akọrin, ẹ má bínú sí mi o. Mo ti rí aṣọ àyájọ́ ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́yìn gàdàgbà pé: "Ẹni tó kọrin, ìlọ́po méjì ló gbàdúrà – Augustine Mímọ́". Ìwé Ìtọ́ni Gbogbogbò ti Mísà ti Róòmù, ní ìpínrọ̀ 39, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ gedegbe. Ó ní òwe àtijọ́ ni ti ẹni tó kọrin dáadáa tó gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó fi orúkọ Augustine sí ni pé ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ló ń kọrin. Inú ìwàásù rẹ̀ kan ló ti sọ ìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń ya ilé ìjọsìn sí mímọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ kejì yìí ló tọ́ sí aṣọ àyájọ́. Ẹni tó ti dúró fún ìdánrawò títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, tí kò sí ẹni tó ń sanwó fún un, mọ ohun tí bàbá yẹn ń wí.

Ewì kan tún wà tí wọ́n máa ń fi orúkọ Ìyá Teresa ti Calcutta sí, tó ní àwọn èèyàn á ṣe aburú sí ọ, síbẹ̀ kí o ṣe rere. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Kent Keith ló kọ ọ́ ní 1968, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé àwọn ọmọ aláìní tí Ìyá Teresa dá sílẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnì kan á bi mí pé, kí ló burú níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣáà dára? Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwa là ń kọ́ ọmọ ní kátíkísì pé kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké. Ohun mìíràn sì tún wà. Ọ̀dọ́ tó bá rí i lónìí pé ọ̀rọ̀ Francis tí ìjọ fi hàn án kì í ṣe ti Francis, bó bá di ọ̀la tí ìjọ sọ fún un pé Ara Kristi ni búrẹ́dì yìí, etí wo ni yóò fi gbọ́ ọ?

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Rírí ọ̀rọ̀ kan lójú òpó ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ẹ̀rí, torí ọ̀kan ló ń da ọ̀kan kọ. Ẹ wá orúkọ ìwé àti orí tí ó wà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ yọ orúkọ ẹni mímọ́ kúrò, tàbí kí ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ àwọn Póòpù wà lórí ìkànnì Vatican fúnra rẹ̀. Ibì kan tún wà tó sún mọ́ wa tí ọ̀pọ̀ yín kò rò ó sí: ìwé Àdúrà Wákàtí tí Fadá wa àti àwọn Sísítà ń kà lójoojúmọ́. Nínú Àdúrà Ìkàwé, ìwé kíkà kejì sábà máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Bàbá Ìjọ tàbí ẹni mímọ́, wọ́n sì ń kọ orúkọ ìwé àti orí rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, fún àpẹẹrẹ, inú ìwé Ìjẹ́wọ́ Augustine ló ti wá: "Ó pẹ́ kí n tó fẹ́ràn rẹ, ìwọ Ẹwà tó ti wà láti àtètèkọ́ṣe tí o sì jẹ́ tuntun síbẹ̀, ó pẹ́ kí n tó fẹ́ràn rẹ." Ẹ kàn máa bi Fadá lẹ́yìn Mísà òwúrọ̀ pé, "Fadá, kí lẹ kà lónìí tó wọ̀ yín lọ́kàn?" Iṣẹ́ yín ti parí ìdajì.

Ṣùgbọ́n mímọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òótọ́ kó sì tún dá egbò sí ẹni tó kà á lára.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì, à ń ṣe àjọ̀dún Josephine Bakhita Mímọ́. Ọmọ Sudan ni. Ó wà ní ọmọdé nígbà tí àwọn olówò ẹrú jí i gbé. Ìpayà tó bá a pọ̀ débi pé ó gbàgbé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tó jí i ló sọ ọ́ ní Bakhita. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Póòpù Benedict XVI sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ lórí ìrètí, ní 2007, pé àpá mẹ́rìnlélógóje ló gbé sára títí ó fi kú. Ní 1889, ilé ẹjọ́ ní Venice dájọ́ pé òmìnira ni. Ó ṣe ìrìbọmi lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di Sísítà, ó sì kú ní Schio ní 1947. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé kí ni yóò ṣe bó bá pàdé àwọn tó jí i gbé, ó ní òun yóò kúnlẹ̀, òun yóò fi ẹnu ko ọwọ́ wọn, torí bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn, òun kì bá tí di Kristẹni àti Sísítà.

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ rò ó wò ná. Ẹ ya ọ̀rọ̀ yìí nìkan sórí àwòrán aláwọ̀ búlúù, ẹ gbé e síta láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Ọmọbìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí wọ́n tàn lọ sí Líbíyà pé iṣẹ́ onídìrí ló ń lọ ṣe, tó sì jẹ́ pé Ọlọ́run ló yọ ọ́. Kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ju ìyá rẹ̀ lọ. Ó ṣí fóònù, ó rí i pé ìjọ òun ní kí òun kúnlẹ̀ fún àwọn tó ta òun. Bakhita ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ìyá arúgbó tó ti gba òmìnira, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àdúrà, ló ń sọ ohun tí oore-ọ̀fẹ́ ṣe nínú ayé tirẹ̀. Kò pa á láṣẹ fún ẹni tí egbò rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà sì ni ìjọ àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti gbàdúrà lòdì sí fífi èèyàn ṣòwò. Ẹ lo ọ̀rọ̀ mìíràn tó jẹ́ tirẹ̀, èyí tí Póòpù Benedict fà yọ nínú lẹ́tà yẹn kan náà: "A fẹ́ràn mi láìyẹsẹ̀, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀ sí mi, Ìfẹ́ yìí ń dúró dè mí." Kí ẹ kọ ìlà méjì nípa ìtàn rẹ̀ sí i, kí ẹ wá fi nọ́ńbà NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, sísàlẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pè é wò pé ó ń lọ. Ọmọbìnrin yẹn á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ká wo ìjọ ká tó yan ọ̀rọ̀. Ẹ wo Francis de Sales Mímọ́, ẹni tí Póòpù Pius XI fi ṣe alábòójútó àwọn òǹkọ̀wé ní 1923, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀, 24 oṣù Kìn-ín-ní, ni Póòpù máa ń gbé iṣẹ́ tó rán wa fún Ọjọ́ Ìbánisọ̀rọ̀ Àgbáyé jáde. Nígbà tó dé agbègbè Chablais, ní ilẹ̀ Faransé òde òní, ní 1594, àwọn ará ibẹ̀ tó ti di Pùròtẹ́sítáǹtì kọ̀, wọn ò wá gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Ló bá jókòó, ó ń kọ ìwé pélébé pélébé, ó ń tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn wọn. Ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jiyàn lé lórí gan-an ló ń dáhùn. Ó mọ ilẹ̀kùn tó ń ti ìwé bọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀kùn tiyín. Ẹ mọ̀ bóyá owó ilé ìwé ló ń dun àwọn òbí lóṣù yìí, tàbí ọ̀dọ́ tó parí ẹ̀kọ́ tí kò ríṣẹ́, tàbí opó tí àwọn ẹbí ọkọ ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀. Nígbà náà ẹ ò ní máa gbé ọ̀rọ̀ síta kìkì nítorí pé àwòrán rẹ̀ dùn-ún wò.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó sún mọ́ wa. Fadá Cyprian Michael Iwene Tansi, ọmọ Aguleri ní ilẹ̀ Ìgbò, ẹni tí Póòpù John Paul II kéde ní alábùkún ní 22 oṣù Kẹta 1998, máa ń sọ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ pé bí èèyàn bá máa jẹ igún, kó kúkú jẹ méje, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá pè é ní ajẹgún, orúkọ náà á yẹ ẹ́. Bí ẹ bá máa jẹ́ Kristẹni, ẹ kúkú wà láàyè pátápátá fún Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí, ẹ ò rí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gba etí Yorùbá wọlé ṣinṣin? Mi ò tíì rí i lójú òpó ìjọ kankan nínú àwọn tí mò ń tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Yúróòpù la mọ̀-ọ́n pín. Ó dùn mí.

Ti èdè wá ńkọ́? Póòpù Benedict fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lórí Twitter ní 12 oṣù Kejìlá 2012. Títí dòní, ojú òpó Póòpù níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Pontifex, ní èdè mẹ́sàn-án, títí kan Látìn. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Póòpù ní Yorùbá lójú òpó yẹn, ọwọ́ irú yín ló kù sí. Kí àwọn pásítọ̀ ìjọ mìíràn má ṣe nìkan máa fi èdè ìyá wa yin Ọlọ́run lórí fóònù.

Bí ẹ bá sì kọ Yorùbá, ẹ kọ ọ́ kó pé. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Àmì ohùn á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí àpótí òfìfo yọ síbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó ń ṣe é á wá yọ gbogbo àmì kúrò. Ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ọkọ nínú Éfésù orí karùn-ún á wá di "Eyin oko", èèyàn sì lè kà á sí ẹ̀yìn oko. Lẹ́tà Noto Sans àti Charis SIL gba gbogbo àmì wa, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Fún àwọn ìyá àti bàbá tí ojú wọn ò gbé ìwé mọ́, kí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé Mísà ka ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́.

Ní ti àwọn àdúrà tó ní kí o fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjìlá kí ilẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìbùkún á fò ọ́ dá: ẹ má jẹ́ kó wọ gírúùpù ìjọ rárá. Kátíkísímù, ní ìpínrọ̀ 2111, pe fífi agbára àdúrà sínú ohun òde ara lásán ní ìgbàgbọ́ asán. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún fídíò. Ní oṣù Karùn-ún 2025, oṣù tí wọ́n yan Póòpù Leo XIV gan-an, fídíò kan ti ń lọ káàkiri Áfíríkà tó fi í hàn bí ẹni tó ń yin Ibrahim Traoré, olórí Burkina Faso. Ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá (AI) ni wọ́n fi ṣe ayédèrú náà. Vatican sì sọ gbangba pé irọ́ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀. Èyí tó bá ti wọ WhatsApp, kò sí bí a ṣe fẹ́ kó o padà.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí n tó jókòó. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn rí, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan síta: "Ọlọ́run kì í gbé ẹrù tó ju agbára rẹ lọ lé ọ lórí. – 1 Kọ́ríńtì 10:13". Arábìnrin kan tí oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ bà jẹ́ lára rẹ̀, tí kì í sì í ṣe àkọ́kọ́, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣé agbára tí mo ní ló wá fa èyí?" Lábẹ́ ìbéèrè rẹ̀, àwọn èèyàn ń kọ "Àmín", "Mo gbà á", "Àmín ní orúkọ Jésù". Wọn ò ka ohun tó kọ. Ojúlówó ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe àmín sí.

Ẹsẹ yẹn kò tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ nípa ìdẹwò sí ẹ̀ṣẹ̀ àti ìbọ̀rìṣà, pé Ọlọ́run á la ọ̀nà àbáyọ sílẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ń sọ nípa ìyà tó jẹ òun fúnra rẹ̀ ní Éṣíà, ohun tó kọ sínú lẹ́tà kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí kìn-ín-ní, ẹsẹ kẹjọ, ni pé ẹrù náà ju agbára àwọn lọ, débi pé àwọn sọ ìrètí nù pé àwọn á wà láàyè. Èyí ni ẹsẹ tí arábìnrin yẹn ì bá rí lọ́jọ́ náà. Àpọ́sítélì tó jẹ́ ẹni mímọ́, tí ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, tí kò sì fi pa mọ́.

Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà síta ti lọ síbi iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní oṣù tó ń bọ̀, ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín, kí ẹnì kan máa wo ojú òpó láàárọ̀, kí ẹlòmíràn wò ó lálẹ́. Ẹni tó bá kọ ohun tó ń dùn ún, kí ẹ má dá a lóhùn ní gbangba. Ẹ kọ sí i níkọ̀kọ̀, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí Sísítà pè é. Kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ Fadá lónìí, kí nọ́ńbà Sísítà tó gbà láti máa pè wọ́n sì ti wà lọ́wọ́ yín kí àwòrán àkọ́kọ́ tiyín tó jáde.